Ọ̀RỌ̀ OLÙṢỌ́-ÀGÙNTÀN: ṢÉ PÉTÉRÙ RÁYÈ SUNKÚN?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Nítorí àwọn tí ń ka Bíbélì sí etígbọ̀ọ́ ìjọ ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ Heinrich Stümer, ọmọ Jámánì tí a bí ní 1789. Ohùn tẹ́nọ̀, ohùn ọkùnrin tí ó ga, ni Ọlọ́run fún un, ilé ọ́pẹ́rà ọba ní Berlin ni ó sì ti ń fi í jẹun. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Der Freischütz, eré olórin tí Weber kọ, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1821, òun ni ó ṣe Max, ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ kò bá nǹkan mọ́, tí ó wá gba ọta òògùn: mẹ́fà yóò bá ohun tí ó fẹ́, ṣùgbọ́n ti ẹ̀mí èṣù ni ìkeje. (Ẹ má bi mí ohun tí èyí ń wá nínú ìwé ìjọ, ó ń bọ̀.)

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta 1829, Felix Mendelssohn, olórin Jámánì kan tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, gbé orin Ìjìyà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Mátíù tí Bach, àgbà olórin Jámánì ìgbàanì, kọ dìde ní Berlin, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Stümer ni ó ṣe Ajíhìnrere, ẹni tí ń fi orin sọ ìtàn náà. Max ni gbogbo ojú ń wò lórí ìtàgé, ṣùgbọ́n Ajíhìnrere kò ní orin tirẹ̀ kan. Ẹsẹ Bíbélì nìkan ni ó ń sọ, ohùn ìlù àti fèrè kò sì bò ó. Nígbà tí ó bá dé ibi tí Pétérù ti bọ́ sóde láti sunkún lẹ́yìn tí ó sẹ́ Jésù, Bach fa ọ̀rọ̀ ẹkún náà gùn, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tí omijé dí lọ́nà ọ̀fun.

Èmi náà ti ba ibẹ̀ jẹ́ rí. Nígbà èwe mi, mo sáré ka ẹsẹ náà nítorí òjò ń ṣú, ìyá àgbà kan sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Ọmọ mi, ṣé Pétérù ráyè sunkún ṣá?”

Kò pẹ́ lẹ́yìn 1829 tí Stümer fi ìtàgé sílẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní orin. Ẹlòmíràn lè pe èyí ní ìrẹ̀sílẹ̀. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo olùkàwé pàdé mi nínú yàrá aṣọ àwọn akọrin. Mátíù 26, láti ẹsẹ 69, ni a ó kà, a kò sì ní kúrò lórí ẹsẹ 75 kíákíá.