Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Má Dá Mi Lóhùn Pé "Ó Ṣáà Wà Bẹ́ẹ̀" Mọ́

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Owó tí o fi ránṣẹ́ ti wọlé. O ṣeun, ìwọ náà á jèrè ọmọ. Àmọ́ owó nìkan ló wọlé. Kò sí "Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," kò sí "ẹ̀yìn yín ńkọ́?" Ṣé báǹkì ni mo bí ni, àbí ọmọ?

Kí n tó gbàgbé, àbúrò rẹ yege ìdánwò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí ìṣirò gbé e ṣubú. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò, a ti gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀. Eékún ń dun bàbá rẹ, ó sì kọ̀, kò lọ rí dókítà. O kúkú mọ̀ ọ́n.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Nígbà tí o kọ́kọ́ dé ìlú ńlá yẹn, o ò jẹ́ ká sùn. Kò sí ohun tí o kì í ròyìn: iná tí kì í kú, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀, obìnrin tó ń dá kọrin nínú bọ́ọ̀sì tí ẹnì kan ò bojú wò. Nígbà tó yá, ó di ìbínú. Owó ilé ti wọ́n jù, wọ́n ń ti èèyàn, aládùúgbò ò kí aládùúgbò. Ìyẹn náà ò bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń bínú ṣì ń rí nǹkan. Àmọ́ ní báyìí, tí mo bá ní "Báwo ni ìlú?", wàá ní "Ó ṣáà wà bẹ́ẹ̀." Iṣẹ́ ńkọ́? "Ó ṣáà wà bẹ́ẹ̀." Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ó ṣáà wà bẹ́ẹ̀! Ta ló kọ́ ẹ ní ìdáhùn yẹn?

Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ tíṣà, mo máa ń sọ̀rọ̀ Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó kọ̀wé ní 1960 nípa ẹni tó lọ ń gbé láàárín àjèjì. Ó ní gbogbo nǹkan ló máa ń dùn bí oyin níbẹ̀rẹ̀, ó lè jẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè tó oṣù mẹ́fà. Ìbínú á wá dé, kí ó tó wá mọ́ èèyàn lára. Ẹ̀rù "ó ti mọ́ mi lára" yẹn gan-an ló ń bà mí. Láti 1903 ni Georg Simmel, onímọ̀ nípa àwùjọ, ará Jámánì, ti sọ pé nǹkan tó ń já lu èèyàn ní ìlú ńlá pọ̀ débi pé ọkàn á dẹ́kun dídáhùn. Èyí tó dára, èyí tí ò dára, bákan náà ni wọ́n á máa rí lójú rẹ̀. Kò fi bú ìlú ńlá o. Ó gbà pé òmìnira wà níbẹ̀, tí kò sí níbi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣọ́ ara wọn. Òmìnira yẹn lo wá lọ, mo mọ̀. Èmi náà wá a lọ.

O ní ariwo ọkọ̀ ò jí ẹ mọ́. Etí lè gbàgbé ariwo, kí àyà ṣì máa lù kìkì sí i lójú oorun; wọ́n ti ṣàyẹ̀wò rẹ̀ lára àwọn tí ò mọ̀ rárá pé nǹkan kan kọjá. Má fi ìyẹn tàn mí.

O ò bi mí rí nípa ìdí tí mo fi kúrò ní ìlú ńlá. Mo sọ fún gbogbo yín pé ara ìyá mi ò yá. Ara rẹ̀ ò yá lóòótọ́. Àmọ́ bàbá àgbàlagbà kan wà lódìkejì ògiri yàrá mi, tó máa ń wúkọ́ láti òru mọ́jú. Ògiri náà fẹ́lẹ́ débi pé mo mọ ìgbà tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá há a lọ́fun, mo sì mọ ìgbà tó bá dìde jókòó. Níbẹ̀rẹ̀, mo máa ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti béèrè bó ṣe jí. "Bàbá" ni mo ń pè é, mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, bàtà ni mo fi ń lu ògiri. Lóru ọjọ́ kan, ikọ́ náà dákẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "Ọpẹ́ o, màá sùn lónìí." Mo sì sùn. Nígbà tí wọ́n ń gbé tìmùtìmù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ṣe ni mo yà fún wọn, mò ń sáré kí n má pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Omi ò bọ́ lójú mi. Ìyẹn ló lé mi wálé. Bàbá rẹ ò gbọ́ èyí rí, má sọ fún un.

Síbẹ̀, mi ò ní kí o sá bí mo ṣe sá. Ọ̀rẹ́ mi tó dúró wá fẹ́ràn ìlú náà ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Ó mọ ẹni tó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe, ó mọ iye ọmọ tí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bí. Mo máa ń jowú rẹ̀ nígbà míì.

Tí o bá fẹ́ kúrò, yàrá rẹ wà níbí. Àbúrò rẹ da ìwé síbẹ̀, màá ní kó palẹ̀ wọn mọ́. Tí o bá fẹ́ dúró, dúró, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó wà lódìkejì ògiri rẹ. Pè mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bú ìlú náà fún mi tó bá tó bú, màá gbọ́ ọ tán. Àmọ́ tó bá jẹ́ "ó ṣáà wà bẹ́ẹ̀" lo tún fẹ́ sọ, màá wọkọ̀ wá bá ẹ níbẹ̀, o sì mọ̀ pé mo lè ṣe é.

Èmi ni,
Ìyá rẹ