Ẹ Ka Tíkẹ́ẹ̀tì Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Wa Ní Ọ̀lẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo fẹ́ fèsì sí lẹ́tà tí bàbá kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí ìjọba yéé pín owó àwọn tó ń sanwó-orí fún àwọn ọ̀dọ́, pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, ọ̀lẹ ló pọ̀. Wọ́n tún fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀: wọ́n ní NBS, àjọ tó ń ka iye nǹkan ní orílẹ̀-èdè yìí, ti sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń wáṣẹ́, bíi mẹ́rin sí márùn-ún péré ni kò níṣẹ́.

Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Aránṣọ ni mí, mi ò kàwé tó yín. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí mo ti ń fi téèpù wọn èèyàn, mo sì mọ̀ pé bí téèpù bá yí padà, àyà oníbàárà á yí padà, bẹ́ẹ̀ ẹni yẹn ò sanra, kò sì rù.

NBS yìí kan náà ló sọ ní ìparí ọdún 2020 pé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023, ó ti di 4.1. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín? Ṣé wọ́n kọ́ iléeṣẹ́ kún Àkúrẹ́ tí mi ò sì rí i ni? Téèpù ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe tó ogún wákàtí lọ́sẹ̀, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní báyìí, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀ ti tó. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń kà á. Mi ò bá wọn jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí bàbá má mú téèpù yẹn wá fi bú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìsìkàn níbí. HND ló gbà, iṣẹ́ ìṣirò owó ló kọ́. Ó ti kọ̀wé wáṣẹ́ títí tí ọwọ́ fi ń dùn ún. Ó wá gba ọ̀kadà ọlọ́kadà. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde, kó lè bá àwọn tó ń ná Ọjà Ọba. Nínú owó tó bá pa, ti ẹni tó ni ọ̀kadà ló ń kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà epo bẹntiróòlù, tí gbogbo wa mọ ibi tí iye rẹ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Èyí tó bá kù ni tirẹ̀. Ìjọba ti kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́, ó sì níṣẹ́ lóòótọ́, ta ló fẹ́ jiyàn? Àní ó lè ṣe wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́. Ìyẹn náà kò sí nínú ìṣirò tí bàbá mú wá.

Lálẹ́, tó bá wọlé, á tú àpò rẹ̀ sórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tíkẹ́ẹ̀tì owó ojoojúmọ́ tí àwọn agbowó ń já fún ọlọ́kadà ló máa ń kọ́kọ́ já bọ́. Ọ̀kan pupa rúsúrúsú, ọ̀kan bí ewé, ẹ̀kẹta funfun, èyí tí òógùn ti ń jẹ òǹtẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ wà lára wọn, iye owó wà lára wọn. Mo wá orúkọ ọmọ yìí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mi ò rí i. Lójoojúmọ́ ló ń sanwó fún àwọn kan, tí wọn ò sì fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ní òun ti já ti òun lápá òkè, wọ́n ní ti apá òkè yàtọ̀, wọ́n sì yọ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin kan wà láti ọdún 1998 tó to irú owó-orí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lẹ́sẹẹsẹ, tó sì sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ìdènà sójú títì nítorí àtigba owó-orí. (Àwa tí a ní àdúgbò tó ń jẹ́ Road Block ní Àkúrẹ́ kò lè ní a ò mọ ohun tí ìdènà jẹ́.)

Òfin owó-orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026 ní ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ, kí wọ́n má gba owó-orí lórí rẹ̀. Èyí dára, mo sì kí wọn. Ẹ pín in sí oṣù méjìlá, kò pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́tàdínláàádọ́rin náírà. Ọmọ mi ò tíì rí iye yẹn kó jọ lóṣù rí. Abùjá ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Kó tó dé oríta, tíkẹ́ẹ̀tì ní kó dúró. Tó bá tún fẹ́ ra káàdì ìpè, owó-orí orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú ẹ̀, ó ti kúrò ní márùn-ún láti ọdún 2020. Nítorí náà, tí bàbá bá ní àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ owó àwọn tó ń sanwó-orí, mo ń bi wọ́n, ta wá ni ẹni tó ń sanwó-orí?

Mo gbà pẹ̀lú bàbá níbì kan. Owó tó bá ń wá nígbà ìbò nìkan, ìbàjẹ́ ló ń fà. Nígbà tí wọ́n gbé TraderMoni, ètò ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, dé lọ́dún 2018, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n ń yáni, tí ẹ bá dá a padà wọ́n á fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó wà ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa pe é ní owó ẹ ṣé ẹ dìbò, wọ́n sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan ní òdìkejì títì wa ṣe N-Power, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń fún àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà lóṣù ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èésú ló fi ń dá. Ó ra fìríìsà, ó ń ta ẹja títí dòní, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ètò náà dúró ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ṣé ìyẹn náà lọ̀lẹ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí jù ni ìwé orúkọ. Lọ́dún 2023, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún agboolé mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Keje ọdún náà gan-an, àwọn gómìnà ti ní àwọn ò fọkàn tán ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn mẹ́kúnnù sí. Nígbà tó di oṣù Kínní ọdún 2024, wọ́n dá mínísítà tó ń bójú tó o dúró, wọ́n sì ti gbogbo ètò náà pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbogbo àríyànjiyàn yẹn, orí ta ni mẹ́kúnnù, níbo ló wà, báwo la ṣe máa rí i. Bẹ́ẹ̀, agbowó tíkẹ́ẹ̀tì ń rí i kí ilẹ̀ tó mọ́!

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju èyí lọ: kí wọ́n fi orúkọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Kó jẹ́ ẹyọ kan lójúmọ́, kí orúkọ ẹni tó san án wọ ìwé ìpínlẹ̀, òun àti aláta àti onígàrí tó ń san owó ìsọ̀. Tí ìrànwọ́ bá wá dé, kí wọ́n ṣí ìwé yẹn kí wọ́n tó ṣí ti ẹgbẹ́ òṣèlú.

A kì í ṣe ẹni tó kórìíra owó-orí. Lọ́dún 1954, àwọn èèyàn Ìwọ̀-Oòrùn kùn nítorí owó-orí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ gbé lé wọn, débi pé ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group tirẹ̀, fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ọdún yẹn. Oṣù Kínní ọdún 1955, iléèwé ọ̀fẹ́ ṣí. Ìyá mi wà lára àwọn tó wọlé. Títí tí wọ́n fi kú, wọn kì í bú agbowó-orí, wọ́n á ní, "Sílétì mi ló bá mi gbà." Àwa náà rí i ní Àkúrẹ́ níbí lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ, tí aláboyún ń bímọ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rán aṣọ ìkómọ tí mi ò lè kà lọ́dún yẹn.

Bàbá, ṣọ́ọ̀bù mi kò fara sin. Ẹ béèrè Ìyá Aránṣọ ní Ìsìkàn, wọ́n á júwe fún yín. Mo ti ń kó tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ náà jọ láti ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo fi rọ́bà dè wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ mi. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́, mẹ́tàdínlógún ni mo kà. Èyí tó ṣìkejìdínlógún, òjò ọjọ́ Jímọ̀ ló bà á jẹ́.

Èmi ni,
Ìyá Aránṣọ,
Ìsìkàn, Àkúrẹ́.