Ẹ̀yin Ọmọ Tí Ẹ Fẹ́ Rán Ìbàdàn Mọ́ Aṣọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin,

Aṣọ tó ń ṣí ló mú mi kọ̀wé yìí. Ọmọ kan ládùúgbò wa gba owó ìbora mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi sàmì ọdún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó pé 50 ọdún ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì 2026. Èrò tó dára ni: kó gé àdìrẹ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, kó tò ó mọ́ ègé aṣọ funfun, kí Ìbàdàn àti àwọn ìlú wa yòókù pàdé lójú ìbora kan. Nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, aró ṣí sára funfun, gbogbo àwòrán gbọ̀ngàn Màpó di ẹrẹ̀. Owó sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fara pamọ́ báyìí.

N ò bú u. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú yín ń ṣe é. Ẹ ń sáré, aró kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sáré.

Ẹ gbé aṣọ tí ẹ ń pè ní Ìbàdàndùn wò ná. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, ìyẹn èyí tí a fi ẹ̀kọ kọ àwòrán sí kí aró má baà wọ ibẹ̀. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí láàárín òpó sí òpó. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà lórí òkè Màpó, àwọn obìnrin ìlú yìí sì wò ó títí wọ́n fi fi ìyẹ́ adìẹ gbé e sórí aṣọ. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ kó wá fún yín báyìí, tí ẹ ń tà fún àlejò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní ṣíbí. Òpó nìkan! Ilé ìjọba wo ni kò lópòó? Ẹ gun òkè Màpó lọ, kí ẹ ka òpó rẹ̀ pẹ̀lú ìka yín, kí ẹ tó kọ ìlà kan.

Láfún ni ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ kù ú dáadáa, ẹ pò ó mọ́ omi tútù, ẹ sè é pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Kóro kan ṣoṣo tó kù nínú rẹ̀ á ba ìlà yín jẹ́. Kó ki ju ẹ̀kọ mímu lọ: bí ẹ bá ti ìyẹ́ bọ̀ ọ́ tí ẹ gbé e sókè, kó má kán sílẹ̀. Ojú kan la ń kọ ọ́ sí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrinkanrin, kí ẹ má sì ká aṣọ náà, nítorí ẹ̀kọ tó bá sán ti ṣílẹ̀kùn fún aró nìyẹn.

Ibi aró gan-an ni ẹ ti ń kú ikú eré. Láyé àwọn ìyá wa, ẹ̀lú tí wọ́n ti gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú, ìkòkò á sì jókòó bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Agbo ilé àwọn aláró kò ní kí wọ́n júwe òun fún àlejò, òórùn ìkòkò ló ń mú èèyàn débẹ̀. Àwọ̀ bíi ti ewé ni aṣọ máa ń ní nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde nínú aró. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di dúdú mọ́ wa lójú. Nítorí náà, ẹ rì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ ta á sórí okùn títí àwọ̀ ewé á fi tán lára rẹ̀ tí ẹ̀kọ á sì tún le, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ń rì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ń fi í sílẹ̀ sínú omi fún wákàtí kan, ẹ rò pé ó ti gbà á. Kò gbà á! Orí aṣọ ni aró yẹn jókòó sí, kò wọ inú òwú. Ẹ̀kọ yín náà á ti rọ̀ kúrò. Irú aró bẹ́ẹ̀ ló ń bọ́ sára funfun.

Ẹ̀yin tó ń lo aró òyìnbó, kọ́sítíìkì, sódà tó ń jó awọ yẹn, la ń dà sínú omi, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Mi ò ní tún un sọ.

Bí ẹ bá ti họ ẹ̀kọ kúrò, ẹ máa ṣan aṣọ náà nínú omi tútù títí omi á fi mọ́ kedere, ìyẹn lè gba garawa mẹ́wàá. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé iyọ̀ á di aró yìí mú, irọ́ ni. Ẹ rẹ àkísà funfun, ẹ tẹ́ ẹ sórí àdìrẹ náà, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Bí àkísà bá pa aró, aṣọ yín kò tíì ṣeé gé.

Gígé náà ní ìṣirò. Ìbora ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7 gba ègé 42, 6 ní ìbú, 7 ní òró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínǹṣì 12 lẹ́yìn tí ẹ bá ti rán an. Ínǹṣì 13 ni kí ẹ gé, nítorí ìrán yóò jẹ ààbọ̀ ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí 21 bá jẹ́ àdìrẹ, tí aṣọ sì fẹ̀ tó ínǹṣì 45, ègé mẹ́ta ló máa jáde ní ìbú, ìlà méje ní òró: ínǹṣì 91 nìyẹn. Yáàdì méjì àbọ̀ tí ẹ máa ń rà jẹ́ 90. Ínǹṣì kan ló fi dín, bẹ́ẹ̀ òwú ṣì máa sún kì bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Ẹ ra yáàdì mẹ́ta, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i, kí ẹ sì fọ funfun náà. Inú ínǹṣì 11 ni kí àwòrán wà, kí ìrán má baà gé òpó Màpó lórí.

Kí lẹ máa kọ? Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965. Ẹ fà á gùn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ ẹ́. Ilé ìṣọ́ Òkè Àrẹ̀mọ ti 1936. Òrùlé páànù tó ti pọ́n, ìlà wẹ́wẹ́ ni. Ìgbín àti èso òro, nítorí ọmọ ajòro sùn ni wá, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Ẹ má yọ Ògùnpa sílẹ̀ nítorí omíyalé oṣù Kẹjọ 1980. Odò wa ni, àwọn tó bá a lọ sì jẹ́ èèyàn wa. Ẹ fún Ọ̀yọ́ ní igbá fífín, kí Ìgbẹ́tì ní òkè Ìyámàpó, kí Adó-Àwáyé ní adágún Ìyákẹ́ lórí àpáta. Òṣogbo ti bá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ láti 1991. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ fún ìrántí ìgbà tí a jọ wà, kí ọdún wà lábẹ́ rẹ̀.

Aṣọ òkè Ìṣẹ́yìn kò gbọdọ̀ bọ́ sáàárín àdìrẹ. Ó nípọn jù, á fa ìrán wọ́. Etí ìbora ló wà fún, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ rán ojú tí ẹ fẹ́ gé lẹ́ẹ̀mejì kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tú lọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá ti rán ègé pọ̀, ìhà àdìrẹ ni kí ẹ lọ ìrán sí, kó má baà hàn lábẹ́ funfun. Ògbólógbòó ìró òwú ló dára jù láàárín ojú ìbora àti aṣọ ẹ̀yìn, ooru Ìbàdàn kò gba ohun tó nípọn. Kí aṣọ ẹ̀yìn fi ínǹṣì mẹ́rin tóbi ju ojú lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi pín-ìn-nì mú un, kí ẹ sì ti àárín rán an jáde. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí, gbogbo ìwúnjọ máa pàdé láàárín.

Ẹni tó bá mọ ọmọ yẹn, ẹ sọ fún un pé kó jáde. Kó lọ bá àwọn tó gba owó wọn, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ọjọ́ tó máa fi tún un ṣe. Kó tú gbogbo ègé funfun kúrò, kó rẹ àdìrẹ náà sínú omi tútù mọ́jú, kó máa pààrọ̀ omi títí á fi mọ́. Èyí tí òpó rẹ̀ bá ṣì hàn kedere, ó ṣeé lò. Mo ní abẹ́rẹ́, mo ní okùn, mo sì wà nílé ní gbogbo Sátidé. Kó mú àkísà funfun dání wá.

Èmi ni ìyá yín aláró,
Ìbàdàn.