Kí wọ́n tó kun pátákó òtẹ́ẹ̀lì ní ọ̀dà tuntun

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹyin ni mo ń tà. Ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń gbé e fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà lójú ọ̀nà ìsun omi gbígbóná Ìkógòsì, nílẹ̀ Èkìtì wa níbí. Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó ń yí orúkọ padà láìsan gbèsè ti pẹ́ nínú mi, àmọ́ ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n mú bírò.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Mo gbé kirẹ́ètì ẹyin méjìlá dé ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà, mo rí i pé wọ́n ti kun pátákó ẹnu géètì. Orúkọ tuntun ló wà níbẹ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi bo ti tẹ́lẹ̀ kò nípọn, àwọn lẹ́tà orúkọ àtijọ́ ń yọjú lábẹ́ rẹ̀ bí ilà ojú tí wọ́n fi àtíkè bò. Bàbá ọlọ́dẹ tó mọ̀ mí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí n kò rí rí ló béèrè ẹni tí mo fẹ́ rí lọ́wọ́ mi. Mo ní máníjà ni. Máníjà jáde, òun náà kò mọ̀ mí. Mo kó rísíìtì méje fún un, torí oṣù mẹ́ta ni wọ́n ti ń gba ẹyin lọ́wọ́ mi láwìn. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n pọ̀ dáadáa, ó dá wọn padà fún mi. Ó ní, "Màmá, kì í ṣe orúkọ wa ló wà lórí ìwé yìí."

Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n fún mi ní tíì. Àwo tó wà lábẹ́ ife náà, orúkọ àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Obìnrin tó gbé e wá, mo mọ̀ ọ́n, ìdáná ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ láti ọjọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì yẹn ti ṣí. Nígbà tí mo ń lọ, ó sìn mí dé ẹ̀yìn géètì, ó ní owó oṣù méjì òun ṣì wà lọ́rùn àwọn ti tẹ́lẹ̀, àti pé wọ́n ti ní kí òun kọ lẹ́tà wáṣẹ́ bí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

N kò sọ pé kí òtẹ́ẹ̀lì má yí orúkọ padà o. Ọjà ni. Ẹni tó bá lówó á rà, ẹni tó bá ti rẹ̀ á tà. Ó sì ti rẹ ọ̀pọ̀ wọn lágbègbè yìí láti ọdún 2020 tí àrùn kòrónà lé àlejò lọ. Ẹni tó bá ti bá wọn ṣòwò á ti mọ̀ pé orúkọ tó wà lára géètì àti ẹni tó ni ilé kì í sábà jẹ́ ọ̀kan. Onílé lè lọ bá ilé-iṣẹ́ ńlá kan kí ó lè lo orúkọ wọn, kí wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé fún iye ọdún kan. Bí ọdún bá pé, orúkọ á sọ̀ kalẹ̀, ilé á dúró. Báyìí ni InterContinental tó wà ní Victoria Island ṣe di Lagos Continental. Ti Ìkòyí, Southern Sun ni wọ́n ń pè é títí ilé-iṣẹ́ Kasada fi rà á lọ́dún 2022, ó sì di Mövenpick. Àwọn àgbà kan ṣì ń pe Eko Hotel ní Holiday Inn, àwọn mìíràn ń pè é ní Le Meridien. Ti Àbújá yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ Transcorp gba ilé náà, orúkọ Hilton kò sì kúrò lára rẹ̀.

Ìkógòsì fúnra rẹ̀ ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe ibùdó síbẹ̀ láyé àtijọ́, ìjọba gbà á, ìjọba Gómìnà Fayemi tún un ṣe ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tó tún padà dé, ó gbé àbójútó rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni. Mo dúpẹ́ fún àtúnṣe náà, torí bí àlejò bá ti ń pọ̀ nídìí omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin mi ń tà. Omi gbígbóná yẹn ń tú jáde ní nǹkan bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń ṣàn lọ bá èyí tó tutù, èèyàn sì lè dúró kí ẹsẹ̀ kan wà nínú gbígbóná, kí èkejì wà nínú tútù. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà, kò tíì sú mi. Ibi tí Ọlọ́run fi irú nǹkan báyìí sí, kò yẹ kí aráàlú ibẹ̀ máa sunkún ẹ̀yìn géètì.

Ọmọ mi tó ń kọ́ nípa òfin ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni ẹni tuntun rà, gbèsè ilé-iṣẹ́ bá a délé. Bó bá sì jẹ́ ilé àti ilẹ̀ nìkan ló rà, gbèsè ṣì wà lọ́rùn ẹni tó tà á. Kò sí èyí tí gbèsè ti máa ń pòórá nínú méjèèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé a kì í mọ èyí tí wọ́n ṣe, a kì í sì mọ ibi tí ẹni tó tà á gbà lọ. Ó tún ka abala kẹwàá òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sí mi létí: wọn kò gbọdọ̀ ti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kan gbé àdéhùn òṣìṣẹ́ fún òmíràn láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ta ló béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó fún mi ní tíì?

Ìjọba Èkìtì ni mò ń bẹ̀. Lọ́dún 2013, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yìí ti sọ ọ́, nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkó, pé ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti máa fún òtẹ́ẹ̀lì ní ìwé àṣẹ. Kí wọ́n lo àṣẹ yẹn. Kí òtẹ́ẹ̀lì kankan tó gba ìwé àṣẹ lórúkọ tuntun, kí wọ́n lẹ ìkéde mọ́ géètì rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí wọ́n kà á lórí rédíò lédè Yorùbá, kí àwa tí wọ́n jẹ lówó, àwọn òṣìṣẹ́, àti àlejò tó ti san owó yàrá sílẹ̀ lè mú ìwé wa wá. Lásìkò Kérésì, ẹbí kan wá láti Ìbàdàn pẹ̀lú ọmọdé mẹ́ta, wọ́n ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òtẹ́ẹ̀lì tó ti yí orúkọ padà. Inú mọ́tò ni wọ́n sùn mọ́jú.

Rísíìtì mi méje ṣì wà nínú agolo mílíìkì tí mo ń kó wọn sí. Kirẹ́ètì ẹyin 84 ni. Lọ́jọ́ Ajé, màá gbé òmíràn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Láwìn ni wọ́n ṣì ń gbà, mo sì ti rí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ibẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ẹlẹ́yin,
Ẹ̀fọ̀n-Alààyè.