Káàdì tí mo fi fláwà ẹ ṣe

Ìyá Ìbejì mi,

Báwo ni òtútù Toronto yẹn o? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọyẹ́ ti gba Kubwa kan níbí, ètè gbogbo wa ti bẹ́, eruku ò jẹ́ ká nu ilé tán, àmọ́ ọyẹ́ yìí gan-an ló bá mi ṣe nǹkan tó o bá nínú ẹ́nfílọ́ọ̀pù yìí.

Ṣó o rántí bougainvillea tó o gé ẹ̀ka ẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń kó lọ, tó dà bí igi gbígbẹ lásán, tó o ní kí n ṣáà tì í bọ ilẹ̀? Ó ti gun fẹ́ǹsì o, ó ti ń yọjú sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, pupa fòò! Òun ni mo fi ṣe káàdì bọ́dè ẹ.

Oṣù kẹjọ ni mo kọ́kọ́ dán an wò, hibiscus ni mo já torí ó tóbi ó sì rẹwà, mo kì í sínú ìwé, ìgbà tí mo máa fi ṣí i lọ́jọ́ kẹwàá ó ti dúdú, ó ti bu, omi ẹ̀ ti ba ìwé jẹ́. Ó dùn mí gan-an. Fláwà tí ara ẹ̀ lómi báyẹn, tí òjò tún ń rọ̀, ó máa jẹrà kó tó gbẹ ni. Bougainvillea ní tiẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ṣó o mọ̀ pé apá tó pupa yẹn kì í ṣe fláwà rárá, ewé ni? Fláwà ẹ̀ gangan ni funfun tíńtín tó wà láàárín, wo káàdì ẹ dáadáa wàá rí i.

Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń já a, tí ìrì bá ti gbẹ tán tí oòrùn ò sì tíì mú un rọ, màá tò ó sáàárín ìwé ìròyìn kí ìkan má gun ìkejì, ìwé tó ń dán ò dáa torí kì í fa omi, màá wá fi há díkíṣọ́nárì ńlá Bàbá Tọ́lá, màá gbé ọmọ ọlọ lé e lórí. Ọmọ ọlọ tí màmá mi fún mi láti Ọ̀fà! Màá pààrọ̀ ìwé ìròyìn yẹn lọ́jọ́ kẹta, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì ó ti gbẹ táútáú.

Lílẹ̀ ẹ̀ ló gba sùúrù. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni mo fi omi díẹ̀ là, bùrọ́ọ̀ṣì kékeré ni mo fi pa á sẹ́yìn ẹ̀, ṣíún báyìí, tó bá ti pọ̀ jù kádíbọ́ọ̀dù á kákò. Ẹnu abẹ́rẹ́ ni mo fi ń gbé e síbi tó máa wà.

Mo lè fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp o, àmọ́ mo fẹ́ kó o fọwọ́ kan nǹkan tó hù lórí ilẹ̀ témi àtìẹ jọ gbẹ́. Jọ̀ọ́ má gbé e sójú fèrèsé, oòrùn á jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀ ṣí.

Wọ́n ní ewé maple ọ̀dọ̀ yín máa ń pupa kó tó wọ́. Tó bá dìgbà yẹn, kí àwọn ìbejì ṣà díẹ̀ fún mi, èyí tí ò ya, kẹ́ ẹ fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Mo ti ra kádíbọ́ọ̀dù ẹ̀ sílẹ̀ ní Wuse.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ,
Ìyá Tọ́lá