Ẹ Má So Bánà Mọ́ Tábìlì

Ìperu-Rẹ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú,

Mẹ́ta nínú yín wá bá mi nílé lọ́jọ́ Ajé kan, nígbà tí mo ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ààfáà, ọ̀kan jẹ́ ọmọ pásítọ̀, ẹni kẹta sì sọ ọ́ gbangba pé olóòṣà ló bí òun, òun náà sì ń bọ. Wọ́n kí mi tán, wọ́n ní, "Màmá, a fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbógun ti ibà. Ẹ̀sìn wa ò papọ̀, ṣùgbọ́n à ń rí i lórí fóònù pé àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe irú ẹ̀. Ẹ gbà wá nímọ̀ràn." Inú mi dùn débi pé mi ò bèèrè ohunkóhun tí mo fi bu oúnjẹ sí àwo mẹ́ta. Ọmọ ààfáà kàn ń wo àwo tiẹ̀. Ààwẹ̀ ló ń gbà. Ojú ń tì í láti sọ, nígbà tó sì sọ ọ́ tán, ojú ti èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi ṣe nọ́ọ̀sì láàárín àwọn aláàwẹ̀.

Ohun tí mo bá wọn sọ lọ́jọ́ náà ò tó nǹkan, torí ìkòkò wà lórí iná. Ó ti ń dùn mí látìgbà náà. Mo wá ní kí n kọ èyí tó kù sílẹ̀, kí gbogbo yín lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ibà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣì í. Wọ́n ní àwọn á máa kó gọ́tà kí ẹ̀fọn lè tán. Gọ́tà tó dí ò dáa, ó ń lé àgbàrá wọlé, ẹ kó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri, èyí tí wọ́n ń pè ní Anopheles, kò fi bẹ́ẹ̀ ka omi gọ́tà dúdú sí. Omi òjò tó mọ́ díẹ̀, tó dúró sójú kan tí oòrùn ń ta sí, ló ń yé ẹyin sí: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà tírélà lẹ́bàá ọ̀nà, kòtò tí àwọn bíríkìlà gbẹ́ tí wọn ò dí. Èyí tó ń yé sínú gọ́tà, ẹ̀yà mìíràn ni. Òun lè kó jàbùtẹ̀ ranni. Bí ẹ bá kó gbogbo gọ́tà Ìperu tí ẹ ò dí àwọn kòtò yẹn, ibà á ṣì máa bá yín gbélé, ẹ ó wá máa wo ara yín lójú pé àdúrà ta ni ò gbà.

Alẹ́ ni ẹ̀fọn yìí ń jáde jẹun, ìdí nìyẹn tí nẹ́ẹ̀tì olóògùn fi wúlò. Tí ẹ bá gba tuntun, ẹ ta á sí ibòji fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó sùn sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn, oòrùn ń ba oògùn ara rẹ̀ jẹ́. Mo ti rí nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi sọgbà ẹ̀fọ́, mo ti rí èyí tí wọ́n fi pẹja. Mi ò bú wọn. Àwọn tó pín in fún wọn kàn tì í bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ni, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbọ̀nà ilé lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó ti ìyá ọmọ lórí bẹ́ǹṣì kó ṣàlàyé.

Àlàyé yẹn gan-an niṣẹ́ yín, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ẹ̀sìn yín ti wúlò. Ilé tí wọ́n ti máa fura sí ọmọ pásítọ̀, ọmọ ààfáà á wọbẹ̀, wọ́n á fún un lómi mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi ni ọmọ olóòṣà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó máa jókòó sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí gìrì ń gbé, ibà ló fà á, ó sì lè jẹ́ pé ó ti wọ agbárí, ilé oníṣègùn sì ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kọ́kọ́ sáré gbà. Èmi ti fi ẹnu mi bá àwọn oníṣègùn jà títí, kò sí èyí tó dá mi lóhùn. Ọmọ wọn nìkan ló lè lọ sọ fún wọn pé, "Bàbá, tí ẹ bá ti rí gìrì, ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ yìí dé ọsibítù lónìí yìí ná," kí wọ́n má sì bínú.

Ẹ ní ọ̀rọ̀ àgbáyé lẹ fẹ́ dá sí. Ó dáa. Nàìjíríà nìkan ló ń ru nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ibà tó ń ṣe aráyé, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì ń pa jù. Inú yàrá wa ni ọ̀rọ̀ àgbáyé yẹn ń sùn. Ẹ tún wo iye ọwọ́ tó ti kan oògùn tí à ń lò. Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní 1897, dókítà ológun Gẹ̀ẹ́sì ni, ilẹ̀ Íńdíà ló sì ti rí i. Ge Hong, ọlọ́gbọ́n ẹlẹ́sìn Táò ní ilẹ̀ Ṣáínà, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn rẹ̀ ní ohun tó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn pé kí á rẹ ewé kan sómi, kí á fún un, kí á mu oje rẹ̀. Nígbà tó yá, obìnrin Ṣáínà kan, Tu Youyou, ka ìwé náà, ó wá yé e pé sísè tí àwọn ń se ewé yẹn ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. (Ẹ̀yin tí ìyá yín ń se àgbo títí ilé á fi kún fún èéfín, ẹ gbọ́.) Láti ara rẹ̀ ni artemisinin ti jáde ní 1972, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Irú artemisinin yìí ló wà nínú oògùn ibà tí ẹ ń gbé mì láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ̀pọ̀ yín ń fi sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì torí pé ara ti yá.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà tí wọ́n ń pè ní R21 náà ńkọ́? Yunifásítì Oxford ló ṣètò rẹ̀, ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà ló ń ṣe é, àwọn ọmọ ìkókó Burkina Faso wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní December 2024, Kébbi àti Bàyélsà ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́sáláṣí ló pọ̀ ní ti àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ ní ti èkejì. Ìgò abẹ́rẹ́ kan náà ni.

Àwọn àgbà pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ rí. Sultan ti Sókótó, Sa'ad Abubakar, àti John Onaiyekan tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ní Àbújá nígbà náà, jọ ṣolórí ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ bí wọ́n ṣe máa fi ọ̀rọ̀ ibà sínú wáàsù. Ti rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ní 2003, ahesọ mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kán oògùn sọ́mọ lẹ́nu ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè Ọya. Ìgbà tí àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn là á yé àwọn èèyàn ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Ní August 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá (wild polio) ti kúrò ní Áfíríkà. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò purọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí ó ṣe ń bàjẹ́. Ní ọdún kan, a ń pín nẹ́ẹ̀tì nílùú kan tí mi ò ní dárúkọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló yá wa ní tábìlì àti kánópì, wọ́n ṣeun. Kí n tó dé, ẹnì kan ti so bánà mọ́ iwájú tábìlì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì gàdàgbà, àwòrán pásítọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Títí di ọ̀sán, a ò pín ìdajì. Àwọn ìyá tó borí dúró sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Mo rékọjá lọ bá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, wọ́n ní ẹni tó bá gbà á, wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pé ó ti yí padà." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, a ń kọ orúkọ lóòótọ́, kí ìṣirò nẹ́ẹ̀tì lè pé ni! Mo padà, mo tú bánà, mo ká a, mo fi ṣe tìmùtìmù. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ ìyàwó lémọ́ọ̀mù kó wá jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Kó tó di Àìlà, nẹ́ẹ̀tì ti tán.

Nítorí náà, kí ẹ tó máa wá orúkọ ẹgbẹ́ àti àwọ̀ fáànẹ́ẹ̀lì, ẹ jókòó ka ọjọ́. Ọ̀sán Jímọ̀ ò ṣeé lò. Àbámẹ́ta ò ṣeé lò fún àwọn Adventist, wọ́n sì pọ̀ níhìn-ín, ẹ ṣá rí Yunifásítì Babcock tiwọn ní Ìlíṣàn. Ọjọ́ Àìkú, ẹ má dán an wò. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ẹ tún bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìgbà tí Orò máa jáde, torí àwọn ọmọbìnrin inú yín ò ní lè jáde. Èmi obìnrin ò sì ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Alásárì ni àwa fẹnu kò sí nígbà tiwa, a kàn ń pa oúnjẹ mọ́ títí oòrùn á fi wọ̀, torí àwọn kan ń gbààwẹ̀ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú.

Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ti tú ju ẹgbẹ́ kan lọ ká lójú mi. Ẹnì kan á ní kí á sọ "Àmín" kó rinlẹ̀, ẹlòmíràn á fa Fátíhà, ẹni kẹta á máa wo àjà. Kí oníkálùkù gba tiẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí alága kà dé ọgbọ̀n nínú ọkàn rẹ̀, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílé o. Bí wọ́n bá bi ọmọ ààfáà pé kí ló dé tó ń ṣe wàhálà yìí, kó sọ ohun tí Kùránì kọ́ ọ. Bí ẹni tí ò ní ẹ̀sìn kankan bá sì wá, ẹ fún un ní ṣọ́bìrì. Táí Ṣólàrín ti Ìkẹ́nnẹ́ ò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi bò. Síbẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì Rẹ́mọ ló ń kó ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Mayflower tó dá sílẹ̀ ní 1956, tó ń kọ́ wọn láti fi ọwọ́ ara wọn roko.

Ti owó: kí ẹni tó ń kọ ìwé owó yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú owó, kí àwọn méjèèjì má sì ṣe jọ́sìn níbì kan náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín, mi ò ní kọ́ yín ní owó kíkà.

Bí ọmọ ààfáà bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ pásítọ̀ lọ́nà mìíràn, ìyẹn ò sí nínú lẹ́tà yìí.

Ọ̀pọ̀ yín ò tíì dáyé ní July 1999, nígbà tí Yorùbá àti Hausa kọlu ara wọn ní Ṣàgámù lórí ọ̀rọ̀ Orò. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ẹ̀san rẹ̀ sì gbẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn ní Kánò. Àwọn tí wọ́n ti ń ra gooro lọ́wọ́ ara wọn tipẹ́tipẹ́ nìwọ̀nyẹn. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Lójú tèmi, a ti jọ ṣòwò pẹ́, ṣùgbọ́n a ò jọ ṣe iṣẹ́ tí kò lérè rí, tí á fi di pé èmi mọ orúkọ ọmọ rẹ, ìwọ náà mọ àìsàn ìyá mi. Ẹ lọ pe àwọn ọmọ Sábó sínú ẹgbẹ́ yín. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bèèrè.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ibi tí ẹ ti máa rówó. Wọ́n fi ìwé kan tí wọ́n kọ sí àjọ òkèèrè hàn mí, ó gùn, ó dùn. Ẹ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbàgbé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́. Ọdún tí wọ́n bíni ni wọ́n fi ń wọ ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tó o ti ń kírun tàbí kọrin. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Kìrìsìtẹ́nì inú wọn á wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú Mùsùlùmí, wọ́n á jọ lọ sí Ojúde Ọba. Ìdúpẹ́ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fàyè gbà wọ́n láti ṣẹ̀sìn ló di ohun tí gbogbo ìlú ń ṣe yìí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo máa ń lọ. Mo sì mọ iye tí wọ́n ń ná sórí aṣọ òfì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹṣin, torí àbúrò mi wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn òbí yín, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ, kí ọmọ ààfáà, ọmọ pásítọ̀ àti ọmọ olóòṣà jọ kúnlẹ̀ kí wọ́n jọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ bèèrè fún owó aṣọ ẹnì kan péré. Ẹ ó rí ojú wọn. Owó aṣọ ẹnì kan á ra ohun èlò àyẹ̀wò ibà tó máa tó yín lò fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ̀yin náà yé máa gbé oògùn ibà mì fún orí fífọ́ lásán.

Nẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ṣì wà nínú àpótí mi, wọn ò tíì tú u nínú ọ̀rá. Ẹ wá kó wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màá se ìkọ́kọrẹ́, màá sì kọ́kọ́ bèèrè.

Èmi ni,
Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìperu