Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Apẹja àti Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Lórí Irà Etí Ọ̀sà

Alága wa, àti ẹ̀yin kánsẹ́lọ̀ gbogbo, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Àwa tí à ń pẹja, àwa tí à ń yan án àti àwa tí à ń tà á ní ọjà Olúwo la kọ ìwé yìí. Yanrìn tí wọ́n ń dà sínú irà etí ọ̀sà láti sọ ọ́ di ilẹ̀ ilé ló gbé wa dé iwájú yín.

Ẹni tó ń tà á ń pè é ní ilẹ̀ òfo. Ilẹ̀ òfo kọ́. Bí òjò bá kún ọ̀sà, inú irà yẹn ni àrọ̀ ń wọ̀ lọ yé ẹyin, abẹ́ ògùrọ̀ àti koríko ibẹ̀ sì ni ọmọ ẹja ti ń sá fún ẹja ńlá títí yóò fi dàgbà tó jáde. Ibi tí wọ́n bá ti dí, ẹja kì í débẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń dẹ ìgèrè ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, lẹ́yìn náà ló kan àwa tí a dúró ti ààrò. Obìnrin tó fi owó ẹja ọ̀sà rán ọmọ lọ sí iléèwé gíga ti ń ra ẹja yìnyín tà báyìí, ní Ẹ̀pẹ́! Ó dùn wá gan-an.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Odò Ọ̀ṣun ń ṣàn wá sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ta ni kò gbọ́ bí àwọn awakùsà wúrà ṣe sọ odò náà di ẹrẹ̀, tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi kìlọ̀ ní 2022 pé kí àwọn tó wá bọ Ọ̀ṣun má mu omi rẹ̀? Irà ló ń gba irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá dí i tán, kí ni yóò bá wa sẹ́ omi?

A mọ̀ pé ìwé àṣẹ yanrìn kì í ti ọ́fíìsì yín nìkan jáde. Ṣùgbọ́n òfin ti wà láti 1992 pé kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá máa ṣe fún àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wa béèrè èsì àyẹ̀wò náà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń dí irà. Ẹni tí kò bá ní i, ẹ bá wa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n dá a dúró. Èyí tí wọ́n ti dí tí wọn ò tíì kọ́lé sí, kí wọ́n kó yanrìn rẹ̀ kúrò, kí omi lè wọ ibẹ̀ padà. Àwa fúnra wa ni yóò gbin ògùrọ̀ sí i, a ò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ sì dákun, ẹ gbẹ́ bọ́ọ̀hóólù sí àwọn abúlé tó ṣì ń bu omi ọ̀sà mu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ fún wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ wa ni yóò gbé yín dé ibẹ̀, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Àwa ni,
Ẹgbẹ́ apẹja àti ẹlẹ́ja ìlú Ẹ̀pẹ́